Ọta Tó Sùn Lájà Ilé Ìdáná

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n sọ ti Simwaba fún yín, ọkọ Nchimunya. Ọwọ́ mi ni wọ́n bí i sí, èmi ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ẹ̀rín ni mo fi ń sọ ọ́ lónìí, mo sì dúpẹ́, nítorí ó kù díẹ̀ kó jẹ́ ẹkún ni mo máa fi sọ ọ́.

Ní àfonífojì Zambezi tiwa níbí, tí a bá ní ọmọ wa ń ṣọdẹ, kì í ṣe ọdẹ òkété là ń wí. Simwaba ló máa ń ṣáájú àwọn àlejò òkè òkun wọgbó. Bí àlejò bá yin ẹfọ̀n tí kò kú, tó gbé ọgbẹ́ sá wọ inú koríko, àlejò á dúró síta, Simwaba á wọlé tọ̀ ọ́ lọ. Iṣẹ́ tó mọ̀ nìyẹn. Kò mọ òmíràn, kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ìgbà tó yá ni sèbé tutọ́ sí i lójú nígbà tó ń gbé àpò ẹja gbígbẹ kúrò nílẹ̀. A fi omi fọ̀ ọ́, a fi wàrà ewúrẹ́ fọ̀ ọ́. Ojú òsì là, tọ̀tún kọ̀. Ojú ọ̀tún yẹn ló sì ti fi ń wo ìbọn láti kékeré. Ó wá gbé ìbọn rẹ̀ àtijọ́ sí èjìká òsì, ló bá di pé irin tí wọ́n ń fà kí ọta mìíràn tó wọlé wà ní òdìkejì. Ó ń nawọ́ wá a bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú pàǹtírí. Ẹ sì mọ̀ pé ẹfọ̀n ò ní jókòó dè é.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà, Mudimba, tó máa ń tọ ipasẹ̀ ẹran níwájú rẹ̀. Ìdílé Mudimba àti ìdílé tiwa, ẹ̀fẹ̀ ló wà láàárín wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Èébú tó bá wu èkínní ló lè bú èkejì, wọn kì í bínú.

"Olójú kan," Mudimba á ní, "ẹfọ̀n mélòó lo rí lónìí? Má gbàgbé kí o fi ìdajì tí o ò rí kún un o!"

"Ìdí rẹ ni mo rí ní tèmi," Simwaba á dá a lóhùn, "ó sì tó ẹfọ̀n."

Àlejò àtijọ́ kan ló wá gbọ́ nípa ojú náà. Bàbá Alois ni wọ́n ń pè é, ará ìlú kan lẹ́sẹ̀ òkè olótùútù níbi tí wọ́n ti ń rọ ìbọn látìrandíran. Simwaba ti fà á yọ lábẹ́ ẹfọ̀n rí. Bàbá náà ní òun máa jẹ́ kí wọ́n rọ ìbọn ẹlẹ́nu méjì fún un, tòun nìkan, tí kò ní sí irin kankan láti fà: yóò yin ẹnu kan, yóò yin èkejì, ó tán.

Ó dé pẹ̀lú ìbọn onígi kan tí kò lẹ́nu, tí wọ́n lè tẹ̀ lọ́rùn. "Di ojú rẹ," ló wí fún Simwaba, "gbé e sí èjìká òsì. Ó yá, la ojú." Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó tún ní kó dijú. Bí aránṣọ tó ń wọn ẹ̀wù ìyàwó ni wọ́n ṣe é títí ìbọn igi náà fi ń bá ojú òsì pàdé fúnra rẹ̀.

Ó kù kí wọ́n yan bí yóò ṣe tóbi tó. Bàbá Alois gbé ìbọn méjì tirẹ̀ wá, ọ̀kan ń jẹ ọta tó ki bí àtàǹpàkò, èkejì ń jẹ èyí tó kéré sí i.

"Ńlá ni kí o mú!" ni Mudimba pariwo. "Èyí tó jẹ́ pé tí o bá yìn ín ní Binga, àwọn ará Hwange á dọ̀bálẹ̀!"

Simwaba yin ńlá náà. Ọta àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ìbọn ò tíì padà sí èjìká rẹ̀ dáadáa tó fi yin èkejì, ìyẹn gba ojú sánmà lọ. Ó gbé e kalẹ̀, ó ń fọwọ́ ra èjìká.

"Ọta kìíní fún ẹfọ̀n ni," ó ní, "èkejì fún ẹ̀mí mi. Èyí tí mo lè yìn lẹ́ẹ̀mejì ni mo fẹ́."

Nígbà tí Bàbá Alois gbé ìbọn náà dé, gbogbo wa la wò ó. Ó rẹwà, ó sì tẹ̀ sí òsì díẹ̀ ní ìdí bí ẹni tó ń gbọ́ òfófó. Bàbá Alois ní kí Simwaba gbọ́ dáadáa: ẹnu méjèèjì kọjú síra wọn díẹ̀, wọ́n sì ti ń fi iná tú wọn, tí wọ́n ń tún wọn lẹ̀, tí wọ́n ń yìn wọ́n nínú òtútù tiwọn, títí ọta méjèèjì fi ń bá ara wọn níbì kan. "Má jẹ́ kí ọta rẹ gbóná o," ló wí. "Tó bá gbóná, yóò yára jù, wọn ò ní bára wọn mu mọ́." Lẹ́yìn náà ló padà sílé.

Simwaba gbé àpótí ọta fún ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Luyando, tọ́jú eléyìí. Má jẹ́ kí oòrùn rí i."

Nchimunya sì tọ́jú rẹ̀.

Ṣé ẹ mọ̀ pé Ọ̀gá Dhliwayo, tó ń yẹ àwọn ọdẹ wò fún ìjọba, ti ní òun ń bọ̀? Simwaba gbọ́dọ̀ yin ẹnu méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn sínú páálí tó mọ bí àwo ọbẹ̀. Tí kò bá wọlé, wọ́n á gba àṣẹ ọdẹ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò lọ máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹranko.

Ní àràárọ̀, tó bá ti mu ẹ̀kọ ọkà tán, Simwaba á gba ọta lọ́wọ́ Nchimunya, ojú rẹ̀ nìkan ló ń rò, á fi sínú ìbọn, á kọjú sí ọ̀gán tó wà lẹ́yìn ilé. Ọta ẹnu ọ̀tún á ya sí òsì, ọta ẹnu òsì á ya sí ọ̀tún, bí orogún méjì tó pàdé lójú ọ̀nà odò. Ó mí kanlẹ̀, kò bọ́ sí i. Ó jókòó yìn ín, ó dúró yìn ín. Bákan náà ni.

"Ojú mi ni," ló wí. "Ojú òsì náà ti ń lọ."

Nígbà tó ku ọ̀la kí ọ̀gá dé, ó ṣí fìlà ọdẹ rẹ̀, ó dé e lé Mudimba lórí. "Ìwọ ni kó máa ṣáájú wọn."

Mudimba wá èébú, kò rí. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù bà mí.

Ilẹ̀ mọ́. Mudimba wá sílé ìdáná, ó ń wá ẹ̀pà yíyan jẹ. Nchimunya, tó ń ro nsima, òkèlè àgbàdo wa, ní kó nawọ́ sókè àjà. Àjà yẹn wà lókè ààrò gan-an, níbi tí a ń tọ́jú irúgbìn sí kí èéfín lè lé kòkòrò. Mudimba nawọ́, ó fọwọ́ kan nǹkan, ó fò sẹ́yìn.

"Yéè! Ìyá Luyando! Ọta lo yan fún mi?"

"Kí ni tìrẹ nínú rẹ̀? Ọkọ mi ní kí oòrùn má rí i. Ìgbà wo ni oòrùn dé àjà mi rí?"

Simwaba wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọlé, ó fọwọ́ kan ọta náà, ó gbóná bí iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Ó wo àjà, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n láti inú wá.

"Kì í ṣe ojú mi," ló wí. "Mudimba, kì í ṣe ojú mi!"

"Ṣé ohun tí mo ṣe ò dáa ni, Bàbá Luyando?" ni Nchimunya bi í.

"Èmi ni mi ò sọ̀rọ̀ tán. Oòrùn ni mo pè, iná ló yẹ kí n pè."

A sáré fi aṣọ tútù wé àwọn ọta náà, a tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi. Ibẹ̀ la ti gbúròó ọkọ̀ Ọ̀gá Dhliwayo.

"Ẹ jókòó, ọ̀gá, ẹ jẹun ná," ni Nchimunya wí.

"Mo ti jẹun, ìyá."

"Ẹ ò tíì jẹ tèmi. Ilá igbó rèé, ẹja wẹ́wẹ́ rèé." Ó bu nsima bí òkìtì. Bó ṣe jẹ ẹ́ tán, èmi náà gbé ohun mímu àgbàdo wá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi í nípa ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀, àti ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá ìyàwó rẹ̀. Ọ̀gá mu, ó ń làágùn, kò mọ ohun tí a ń dúró dè. Mudimba ń lọ fọwọ́ kan ọta, ó ń bọ̀, títí ó fi ṣẹ́jú sí wa.

Simwaba gbé ìbọn sí èjìká òsì. Gbà! Gbà! Nchimunya fi ìró bojú.

Ọ̀gá Dhliwayo rìn lọ sídìí páálí náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé e wá. Ihò méjì wà láàárín rẹ̀, wọ́n sún mọ́ra bí ihò imú ewúrẹ́.

"Ta ló wá ń sọ káàkiri pé ojú ọkùnrin yìí ti lọ?" ló bi wá. Ó bọ Simwaba lọ́wọ́. "Máa bá iṣẹ́ rẹ lọ, jàre."

Nchimunya jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Èmi náà lọ jókòó tì í.

Mudimba ṣí fìlà lórí, ó jù ú lu Simwaba láyà.

"Gba ẹrù rẹ, olójú kan. Ó ń rùn."

"Ìwọ lo dé e sùn mọ́jú," ni Simwaba wí, ó sì dé e.