Ọkọ̀ Tíṣà àti Ẹni Tó Tún Un Ṣe Lọ́nà Ìyánsàn

Bí mo bá sọ ọ́ tán, kí ẹ pè mí ní òpùrọ́ bó bá wù yín. Mi ò mu ẹmu lọ́jọ́ náà, oorun ò sì kùn mí. Ọ̀sán gangan ni, ojú mi méjèèjì sì là kedere. Ogun abẹ́lé ò tíì parí ju bí ọdún méjì lọ nígbà náà.

Mẹkáníìkì ni mí ní Òkìtìpupa. Èmi àti Lébí la jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ṣoṣo ní Sàpẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà délé, ọ̀dọ̀ Lébí ni gbogbo ọkọ̀ ń wọ́ lọ. Á fi igi gbọọrọ kan ti ẹ́ńjìnnì, á gbé etí lé orí igi náà, á sì sọ ibi tí àrùn wà. Èmi náà nígi. Èmi náà létí. Mo jowú ọkùnrin náà débi pé bí mo bá gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ lódìkejì títì, oúnjẹ á korò lẹ́nu mi.

Nígbà tí ibà pa á, mo sunkún níbi ìsìnkú. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: bí mo ṣe ń sunkún ni mo ń ronú àwọn oníbàárà rẹ̀.

Wọ́n wá lóòótọ́. Àmọ́ kò sí èyí tí kì í dárúkọ òkú sí mi létí. Lébí kì í ṣe é báyìí, Lébí ì bá ti parí ẹ̀. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti kú, ó ṣì ń bá mi du iṣẹ́.

Ìgbà náà ni Tíṣà kan dé, ọ̀gá ilé ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti apá Ìsẹ́yìn. Kò mọ Lébí rí. Ó ra ọkọ̀ àlòkù kan lọ́wọ́ oníṣòwò epo pupa kan ní Òṣóòrò, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ó ní láti kọ́nà ni àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń gbọ́ òun, kí òun tó dé, gbogbo wọn á ti gbé ìwé lọ́wọ́ bí áńgẹ́lì. Ó fẹ́ kó dákẹ́ pátápátá. Ó ní ẹni tó ta á fún òun sọ pé mẹkáníìkì kan tó ti kú ló ní kí wọ́n fi ariwo díẹ̀ yẹn sílẹ̀.

Lébí náà tún ni!

Irin kan wà tó ń ti fáàfù, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré inú ẹ́ńjìnnì, tápẹ́ẹ̀tì là ń pè é. Bí àyè rẹ̀ bá pọ̀, á máa dún. Bí ẹ bá fún un pinpin, á dákẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tán, fáàfù ò ní lè padé mọ́, ọkọ̀ á kú. Ọ̀gá wa kọ́ wa pé ariwo díẹ̀ ni ìlera rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí Tíṣà máa sọ káàkiri ìlú pé ohun tí Lébí ò lè ṣe, èmi ṣe é.

Tíṣà gba ọjà lọ. Ó ku èmi nìkan. Mo ki sípánà bọ ẹ́ńjìnnì, ni ọkọ̀ náà bá rọ̀ sílẹ̀ lápá kejì, bí ìgbà tí ènìyàn bá fara tì í.

Mo wò ó. Kò sí ẹnikẹ́ni.

Ohùn kan sọ jẹ́jẹ́ láti òdìkejì bọ́nẹ́ẹ̀tì pé, "Fi àyè sílẹ̀ fún un."

Ohùn Lébí ni. Ẹ gbà mí gbọ́, ṣé mo lè gbàgbé ohùn ẹni tí mo ń jowú?

Ẹlòmíràn á ti sá. Èmi náà fẹ́ sá, owú ni kò jẹ́. Mo rọra kùn pé, "O ti kú. Iṣẹ́ mi nìyí." Mo fún gbogbo tápẹ́ẹ̀tì pinpin, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ọkọ̀ náà gbéra sókè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ẹni tó fara tì í ti kúrò.

Ẹ́ńjìnnì náà dákẹ́ minimini. Tíṣà gbá mi léjìká, ó pè mí ní ọ̀gá àwọn ọ̀gá. Mo sùn dáadáa lọ́jọ́ náà, ojú ò sì tì mí láti sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó padà wá. Ọkọ̀ náà tún ń dún, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́. Tíṣà ò bínú. Ó ní ọkọ̀ kú mọ́ òun lọ́wọ́ lọ́nà Ìyánsàn, kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Ọkùnrin kan bá yọ láàárín oko ọ̀pẹ, ó wọ aṣọ funfun ìjọ, kò wọ bàtà. Ó gba sípánà lọ́wọ́ òun, ó tú gbogbo ohun tí mo fún, ó dẹ̀ ẹ́. Epo ò kan aṣọ rẹ̀ rárá. Òun fún un ní ọsàn, kò gbà á.

"Ó ní ẹ jọ kọ́ṣẹ́ ni," Tíṣà sọ bẹ́ẹ̀.

Sùtánà funfun ìjọ Aládùúrà la fi sin Lébí. Mo wà lára àwọn tó gbé e sí kòtò.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun ìtìjú tó jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Tíṣà, nínú àwa méjèèjì, ta ló mọ̀ ọ́n ṣe jù?"

Ó wo ọkọ̀, ó wò mí. Ó wá fi pẹ̀lẹ́tù bi mí pé, "Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ jọ̀wọ́, níbo ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà?"

Kò tún gbé ọkọ̀ yẹn wá fún mi mọ́. Mo bi gbogbo mẹkáníìkì Òkìtìpupa, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án, síbẹ̀ ọkọ̀ náà kò kú sọ́nà títí wọ́n fi gbé Tíṣà lọ síbòmíràn. Lọ́sàn-án Sátidé, mo máa ń rí i tó ń wà á lọ sọ́nà Ìyánsàn. Mi ò bi í ní ohunkóhun.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ má bá òkú du oníbàárà. Kò ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe, àárẹ̀ kì í sì í mú un.