Ewì Tí Wọ́n Gbà Ní Kominike

Ọ̀sán ọjọ́ Àtàláátà kan ni wọ́n fi ewì mi sórí ràdíò. Kí a tó kírun Àlàásàárì, ó ti tàn ká gbogbo Zongo, àdúgbò wa, pé mo lọ fẹjọ́ ìyá mi sun gbogbo ìlú Parakou.

Olùkọ́ ni mí. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Faransé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, mo sì ń dá gbé yàrá kan ní Banikanni, àdúgbò mìíràn nílùú náà. Ilé wa gan-an wà ní Zongo, ilé oníṣòwò tí èèyàn inú rẹ̀ lé ní ogún, níbi tí ìyá mi ti ń jáde láràárọ̀ lọ ta aṣọ ní ọjà Arzèkè. Ọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó, tí ilé bàbá rẹ̀ kò wó, tó wá lọ gba yàrá níbòmíràn, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbé mì fún àwọn èèyàn mi. Mo sọ fún wọn pé kí n lè sún mọ́ ibi iṣẹ́ ni. Irọ́ ni.

Yunifásítì tó wà nílùú wa níbí ni mo ti kọ́kọ́ pàdé ewì ìgbàlódé, èyí tí àwọn akéwì ìlú ńláńlá òkè òkun kọ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Olùkọ́ wa ní ohun tó dà wọ́n láàmú ni pé ọkàn wọn kò balẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kò dá wọn lójú, ọ̀rọ̀ ẹnu ara wọn pàápàá kò dá wọn lójú. Wọ́n ń rìn láàárín èrò, ẹnikẹ́ni kì í kí wọn. Ó ní ìdí nìyẹn tí ewì wọn fi ń já sọ́nà, tí gbólóhùn kan kì í dúró de èkejì. Mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì, ó sì dà bíi pé àwọn tí mi ò rí rí mọ̀ mí. Lẹ́yìn náà ni ojú wá tì mí. Èmi tí mo ń bá ọmọ ìyá mi mẹ́ta sùn lórí ẹní kan náà, níbo ni mo ti rí ìdánìkanwà? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ara mi pé inú ìwé ni mo ti jí i.

Ohun kan tí olùkọ́ náà sọ ni mo dì mú. Ó ní “èmi” tó ń sọ̀rọ̀ nínú ewì kì í ṣe ẹni tó kọ ọ́, pé ẹnìkan tí akéwì dá sílẹ̀ ni. Mo fẹ́ràn òfin yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó jẹ́ kí n lè sọ ohun gbogbo, kí n má sì jẹ̀bi ohunkóhun.

Ewì tí mo fún ràdíò kò gùn. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́. Mi ò kí ẹnikẹ́ni ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mi ò sì súre fún ẹnikẹ́ni ní òpin:

Yàrá kan, fèrèsé kan.
Mo pe orúkọ ara mi, mo sì dáhùn.
Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá mo jí lónìí.
Àwo kan ṣoṣo ni mo fọ̀.

Ètò àṣà ni wọ́n ní àwọn yóò fi í sí. Àyè kún, ọ̀gbẹ́ni tó ń darí ètò bá tì í sáàárín kominike. Ẹni tó bá ti gbé Parakou mọ ohun tí kominike jẹ́ fún wa. Ibẹ̀ la ti ń gbọ́ ẹni tó kú, ẹran tó sọnù, àti ẹni tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń wá. Tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn oníṣòwò Arzèkè a pa ẹnu mọ́. Ọ̀gbẹ́ni náà sì ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe gbogbo kominike: ó sọ ilé tí mo ti wá, ó sọ àdúgbò tí mo ń gbé, ó wá fi ohùn mi sí i. Ìsìnkú bàbá arúgbó kan ló ṣáájú mi, ewúrẹ́ tó sọnù ló tẹ̀ lé mi.

Obìnrin mẹ́rin ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi, àwọn tí ìsọ̀ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá mi. Wọ́n gun alùpùpù akérò, zémìjàn, wá, wọ́n gbé ìrẹsì lọ́wọ́. Wọn kò béèrè ohunkóhun. Wọ́n wo yàrá mi yípo, ọ̀kan nínú wọn sì ka àwo mi. Inú bí mi gan-an. Ewì ni mo kọ, ìrẹsì ni wọ́n gbé wá. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò bá wọn wá, ìyẹn ló já mi láyà. Mo pe fóònù rẹ̀ títí, kò gbé e.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ olórí ilé láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, ló pè mí. Ó ní kí n máa bọ̀ nílé lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àìlá. Mo bá a ní pálọ̀ pẹ̀lú àwọn àbúrò bàbá mi méjì. Ìyá mi jókòó sórí ẹní lẹ́bàá ògiri. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó dáhùn ìkíni mi, kò wo ojú mi. Wọ́n ní kò lè ṣí ìsọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí àwọn èèyàn ń bi í léèrè ohun tó fi ọmọ rẹ̀ ṣe.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti kọ kominike mìíràn sílẹ̀. Èmi fúnra mi ni màá fi ohùn mi kà á: pé mo ní ìyá, pé mo ní ẹbí, pé ohun tí mo sọ lánàá kò rí bẹ́ẹ̀. Tí mo bá kà á, ìyá mi á lè gbórí sókè ní ọjà. Tí mo bá kà á, ohun kan ṣoṣo tí mo tíì sọ láìfi irọ́ bò ó ni màá pè ní irọ́ létí gbogbo ìlú. Mo wá ọ̀nà tí mo lè gbà bọ́, mo sì rántí òfin olùkọ́ mi.

“Ẹ má bínú, Bàbá,” ni mo wí. “Ewì lásán ni. Kì í ṣe èmi ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹnìkan tí mo fi ọkàn rò ni.”

Ara tù wọ́n. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ṣebí àwọn eléré fíìmù náà ń sunkún láìsí òkú nílẹ̀. Àbúrò bàbá mi kan rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n kúkú fi ìyẹn kún kominike náà, kí ọ̀rọ̀ tán. Ìyá mi ni kò jẹ́ kó tán. Ó yíjú sí mi fún ìgbà àkọ́kọ́.

“Ẹni yẹn,” ó ní, “ọmọ ta ni?”

Mo ní kò sí ẹni bẹ́ẹ̀, Màámi, mo dá a sílẹ̀ ni.

“Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ràdíò. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bó jí. Níbo ló ń gbé? Ta ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un?”

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti ń tún ìbòrí rẹ̀ ṣe bí ẹni tó fẹ́ dìde lọ wá a. Ní gbogbo ọdún tí mo lò ní yunifásítì, kò sẹ́ni tó bi mí ní irú ìbéèrè yẹn. Àwa a máa béèrè ìdí tí ìlà ewì fi kúrú. A kì í béèrè bóyá ẹni inú rẹ̀ ti jẹun.

“Èmi ni, Màámi,” ni mo wí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé ìwé kominike náà lé itan. Ìyá mi kò sunkún. Ó bi mí bí wọ́n ti ń bi aláìsàn, pé láti ìgbà wo ni ìdánìkanwà náà ti ń ṣe mí. Mo mọ ohun tó ń retí: kí n ní láti ìgbà tí mo ti kó lọ sí Banikanni, kí òun náà lè ní kí n kó ẹrù mi padà wálé. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè gbójú sókè.

“Ó ti wà lára mi kí n tó kúrò nínú ilé yìí,” ni mo sọ fún un.