Ajá Tí Wọ́n Tú sí Wa ní Pápá

Ní ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di dókítà ẹranko ní Òkè-Àfà, kí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọmọbìnrin tó ń gbá rọ́gíbì lẹ́yìn ẹ́sítéètì Jákàńdè tó mọ bọ́ọ̀lù tí à ń gbé sáré ọ̀hún rárá, olówó kan fẹ́ fi pápá rọ́gíbì wa kọ́ ṣọ́ọ̀bù. A kọ̀wé, a bẹ̀bẹ̀, pàbó ló já sí. Ní àárọ̀ Sátidé kan, a gbọ́ pé kàtàpílà ń bọ̀. Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo sáré lọ.

A tò sẹ́nu géètì, a fa apá kọ́ra bí a ti máa ń ṣe tí a bá ń ti àwọn alátakò lórí pápá. Àǹtí Bísí, balógun ẹgbẹ́ wa, ní, "Ẹni tó bá já ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀, òun ló tà wá o!"

Àwọn jàǹdùkú tí olówó náà rán ló kọ́kọ́ dé. Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dọ́kùnrin kan, fi ẹ̀wọ̀n fa ajá ńlá kan, ó sì fi àkísà di ọgbẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ kúrò níbẹ̀ o! Èmi tí mò ń fún un lóúnjẹ gan-an, ó gé mi jẹ!"

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo wo ajá náà dáadáa. Itọ́ ń ṣàn lẹ́nu ajá náà, ohùn rẹ̀ ti há, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Dìgbòlugi ni. Nínú gbogbo wa, èmi nìkan ló ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, nítorí iṣẹ́ mi.

Mo já ọwọ́ mi sílẹ̀.

"Dókítà, ibo lò ń lọ?" ni Àǹtí Bísí pariwo.

Mo fi jákẹ́ẹ̀tì wé apá, mo bọ́ síwájú àwọn ẹgbẹ́ wa. Ọ̀dọ́kùnrin náà tú ajá sílẹ̀ tòun ti ẹ̀wọ̀n lọ́rùn. Ajá fò mọ́ apá mi, eyín rẹ̀ wọlé. Mo fi èjìká gbé e ṣánlẹ̀, mo dùbúlẹ̀ lé e, mo sì fi ẹ̀wọ̀n rẹ̀ so ó mọ́ géètì.

"Àbúrò, dìgbòlugi ni!" ni mo kígbe. "Fi ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ yẹn, lọ gba abẹ́rẹ́ lónìí! Tó bá ti mú ẹ, kò sóògùn ẹ̀ mọ́!"

"Àǹtí, irọ́ lẹ̀ ń pa." Ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ kejì di àkísà náà mú.

Bí àwọn jàǹdùkú ti gbọ́ dìgbòlugi, wọ́n fọ́nká, kàtàpílà tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn náà sì yí padà. Mo sá tẹ̀lé ọmọ tí ajá gé jẹ náà dé títì. Ó ti bọ́ sínú ọkọ̀ akérò tó ń lọ sí ibùdókọ̀ Bọ́ládé.

Èmi gba abẹ́rẹ́ míì, apá mi jinná. Pápá ṣì wà lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n ìjọba ò tíì fún wa níwèé rẹ̀, nítorí náà ẹ má sùn. Ní tèmi, tí mo bá dé Bọ́ládé, ojú àwọn ọ̀dọ́kùnrin ni mo máa ń wò, ẹ̀rù a sì máa bà mí. Mi ò tíì rí ọmọ náà títí dòní.