Ọ̀rẹ́ Tí Kò Kí Mi Kú Ìrọ́jú

Nígbà tí ìyàwó mi kú, gbogbo ará ìlú wa, Ọ̀kà, ló wá kí mi. Ẹni tí a jọ ń jà lórí ààlà oko wá. Ẹni tí kì í kí ènìyàn lọ́nà wá. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣoṣo, télọ̀ tó ń gbé Ìkàrẹ́, tó rán aṣọ ìgbéyàwó wa, ni kò yọjú. Kò tilẹ̀ tẹ̀ mí láago.

Ṣé bó ṣe jẹ́ nìyẹn? Ó dáa. Nígbà yẹn, mo ti di arúgbó olójú líle tí àwọn ará àdúgbò ń yà fún. Oúnjẹ kì í wù mí jẹ. Mo kàn jókòó tí mò ń retí ọjọ́ tèmi. Ọ̀rọ̀ télọ̀ yìí ló gbé mi dìde. Gbogbo ọjọ́ ọjà Ìkàrẹ́, màá fá irùngbọ̀n, màá wọ aṣọ gidi, màá gun ọ̀kadà láti Ọ̀kà, màá lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọlọ́kadà tó kọjú sí ìsọ̀ rẹ̀. Bó bá gbójú sókè, màá gbójú kúrò. Mi ò ní kí i. Kí ojúlùmọ̀ rí ọ kó má kí ọ, ó ń dunni ju ìgbájú lọ. Ó lé lọ́dún kan tí mo fi ṣe é, inú mi sì ń dùn.

Àwọn ọlọ́kadà a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá, ṣé télọ̀ yìí jí aṣọ yín ni?"

Lọ́jọ́ kan, mo bá ìsọ̀ rẹ̀ ní títì. Lọ́jọ́ ọjà kejì, títì náà ni. Ẹ̀rù bà mí, inú sì bí mi pé ẹ̀rù bà mí. Ta ni mo wá fẹ́ máa kọ̀ láti kí? Mo lọ sílé rẹ̀.

Àrùn ẹ̀gbà ti mú un. Ẹnu rẹ̀ wọ́, apá ọ̀tún kò ṣe é gbé, kò lè sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ kúnlẹ̀ kí mi.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀ o. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, gbogbo ọjọ́ ọjà ni bàbá wa máa ń sọ fún wa pé ẹ ti dé. Àkúrẹ́ ni wọ́n wà nígbà tí màmá, ìyàwó yín, kú. Kí wọ́n tó gbọ́, ẹ ti sìnkú, ẹ ti ṣe ìdúpẹ́. Ojú wá ń tì wọ́n láti wá."

"Kójú ó máa tì í lọ," ni mo dáhùn.

Mo wo ọkùnrin náà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó fẹ́ yọ́ kú láì kí mi kú ìrọ́jú? Irọ́ ni. Kò sí ibi tó ń lọ. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò dúró de ọjọ́ ọjà mọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ fún un ní ẹ̀kọ mímu, tí mò ń fa apá rẹ̀ nà títí omijé á fi bọ́ lójú rẹ̀, tí mò ń mú kó máa pe a-bí-dí bí ọmọ iléèwé.

"Ọ̀lẹ," ni mò ń pè é. "O ò ní kú mọ́ mi lọ́wọ́. O ò tíì bẹ̀ mí."

Ọmọ rẹ̀ rò pé àánú ló ń ṣe mí. Ẹ̀san ni mò ń gbà. Bí mo bá sì ti délé, màá jẹun, màá sùn fọnfọn.

Lóṣù tó kọjá, bí mo ṣe ń nu ẹnu rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú. Ètè rẹ̀ gbọ̀n. "Kú... kú ì... ìrọ́jú."

Mo sunkún bí ọmọdé. Òun náà ń sunkún. Nígbà tí mo nu ojú tán, mo sọ fún un pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa, pé màá padà wá lọ́la, kó tún un sọ.