Pèrègún tí Lukman hú lójú ọ̀nà Ìjọun

Ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ èyí o, torí bí n kò bá sọ ọ́ fún yín, ikùn mi á bẹ́!

Ọmọ Ọjà-Ọ̀dàn ni Suliat Bàrúwà. Bàbá rẹ̀ ń ra àgbàdo lóko, ó ń tà á. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Suliat ní Ìlaròó. Òun ló kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ pé kí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn, kí wọ́n la ọ̀nà ẹsẹ̀ àtijọ́ tó ti Ìlaròó gba Ọjà-Ọ̀dàn lọ sí Ìjọun, kí àwọn tó fẹ́ràn ìrìn lè máa gbà á. Èmi kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbọ́ báyìí, mo gbé àdá, mo tẹ̀lé wọn. Ta ni yóò gbọ́ irú rẹ̀ tí kò ní lọ?

Ọkàn Suliat kì í balẹ̀. Bí igi bá ró pẹ́nrẹ́n, á ní ejò ni. Bí ẹnì kan bá yà sínú igbó lọ tọ̀, á máa pè é títí á fi dáhùn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń já a láyà jù ni oko méjì kan lẹ́yìn Ọjà-Ọ̀dàn, ti Bàbá Adégbóyè àti ti Bàbá Ọ̀ṣunníyì. Ó pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti ń jà lórí ààlà. Suliat bẹ̀ wọ́n, bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n tó gbà kí ọ̀nà gba ojú ààlà náà kọjá.

Bàbá Adégbóyè ní, “Ìwọ ni mo mọ̀ o. Bí ìjà bá tún bẹ́, ọ̀nà yín ti dí nìyẹn.”

Òfin kan wà tí kì í kúrò lẹ́nu Suliat: “Ẹ má kàn gé igi ojú ọ̀nà, ẹ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Èyí tẹ́ ẹ bá gé, òjò kan péré ló kù kó tún hù.”

Láàárọ̀ Sátidé tá a dé ààlà yẹn, Suliat wà níwájú, èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, à ń ṣán igbó. Lukman, ọmọ Èkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, ń fi ọkọ́ tún ẹ̀yìn ṣe. Nígbà tí Suliat bojú wẹ̀yìn, ilẹ̀ ti mọ́ tónítóní. Ọ̀pá pèrègún wà lórí ara wọn bí igi ìdáná.

Àdá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Lukman! Pèrègún ààlà lo hú yìí!”

“Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ní ká hú u tigbòǹgbò. Ṣé èyí kì í ṣe igi ni?”

“Ẹ jẹ́ ká tètè gbìn ín padà,” ni mo wí. Mo ti ń gbẹ́lẹ̀.

“Má fọwọ́ kàn án! Ta ní ń gbin pèrègún sílẹ̀ onílẹ̀ lẹ́yìn onílẹ̀, bí kì í ṣe olè? Ojú ibo ló tiẹ̀ wà tẹ́lẹ̀?”

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Lukman ti fọkọ́ tẹ́ gbogbo ilẹ̀.

Suliat gun ọ̀kadà, ó lọ pe àwọn bàbá náà fúnra rẹ̀. Wọ́n dé. Wọ́n wo ilẹ̀. Wọ́n wo ara wọn.

Bàbá Ọ̀ṣunníyì fi ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn gún ilẹ̀. “Ibí ló wà.”

“Kí ló dé tí o ò kúkú gbìn ín sínú yàrá mi?” Bàbá Adégbóyè fẹsẹ̀ tẹ ibòmíràn. “Ibí ni.”

“Ojú ẹ ti fọ́ ni?”

“Ojú fífọ́ sàn ju ọwọ́ afọwọ́rá lọ!”

Bàbá Ọ̀ṣunníyì bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú àdá tó wà nílẹ̀.

Suliat kúnlẹ̀ sáàárín ibi méjèèjì. “Ẹ̀yin bàbá mi, ilẹ̀ tí ẹ ń jà sí yìí kò ju ibi tí èèyàn kan lè gbà kọjá lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀nà gbà á. Kí pèrègún wà lọ́tùn-ún, kó wà lósì, ká máa gba àárín rẹ̀.”

Ni Bàbá Ọ̀ṣunníyì bá mú ọ̀pá pèrègún kan, wọ́n fi àdá gé e sí méjì, wọ́n ju ìdajì sí Bàbá Adégbóyè. “Gba tìẹ, olójú fífọ́.”

Àwọn méjèèjì gbin gbogbo rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kálukú sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí Bàbá Adégbóyè tó lọ, wọ́n wo Suliat, wọ́n ní, “Bí tèmi bá kú, mo mọ ẹni tó pa á.”

Ní báyìí, ti Bàbá Ọ̀ṣunníyì ti yọ ewé. Ti Bàbá Adégbóyè kò tíì ṣe nǹkan kan. Suliat ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi lọ síbẹ̀ lórí ọ̀kadà, àní bí òjò bá tiẹ̀ ti rọ̀. Mo fi ibi kan tó ń wú lára ọ̀kan nínú ti Bàbá Adégbóyè hàn án, mo ní ewé ló fẹ́ yọ. Ó ní kòkòrò ló jẹ ẹ́. Ẹ gba Ọjà-Ọ̀dàn wọ ọ̀nà náà, ẹ lọ wò ó fúnra yín, kí ẹ bá wa sọ ohun tó jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ojú ni kẹ́ ẹ fi wò ó o, ẹ má fọwọ́ kàn án.