Bárékè Inú Oko Kòkó Bàbá Mi

Oko kòkó bàbá mi ni wọ́n fi ṣe bárékè nígbà ogun abẹ́lé. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ báyìí, nítorí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń sọ nǹkan mìíràn nílùú wa. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìtàjí bọ̀ yóò rí ibẹ̀ lọ́wọ́ òsì: ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tó ti sán, àtẹ̀gùn mẹ́ta tí kò gòkè lọ síbì kankan, àti táǹkì omi kan tí igi ti hù nínú rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí àwọn ṣọ́jà dé. Ogun jìnnà sí wa. Wọ́n kàn ń kọ́ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ni, kí wọ́n tó kó wọn lọ sójú ìjà. Ọ̀gá wọn kò gbọ́ Yorùbá, àwọn àgbà ìlú kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n bá mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé ṣe ògbufọ̀. Òun ló mú wọn rìn káàkiri. Òun ló nawọ́ sí oko wa, tó ní ilẹ̀ náà kò lólúwa. Kòkó tó ń so lọ́wọ́ ni wọ́n gé lulẹ̀.

Bàbá mi lọ bẹ̀ wọ́n. Èmi ni mo ru agbọ̀n àgbàdo sísè tó fẹ́ fi tu ọ̀gá ṣọ́jà lójú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé oko tí baba mi gbìn ni," ni bàbá mi wí. Ọmọ tó lè bí ló ń bá sọ "ẹ" yẹn.

Ògbufọ̀ yíjú sí ọ̀gá, ó sọ Gẹ̀ẹ́sì tó gùn ju ọ̀rọ̀ bàbá mi lọ. N kò mọ ohun tó sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ṣọ́jà méjì di bàbá mi mú, wọ́n ní kó kúnlẹ̀ sínú oòrùn, wọ́n fọ́ ìgò, wọ́n sì fi àfọ́kù rẹ̀ fá a lórí. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ̀ ọ́ lójú. Ògbufọ̀ dúró lábẹ́ igi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń jẹ àgbàdo wa.

Ọdún mọ́kànlá ni bàbá mi tún lò láyé. Kò lọ sípàdé ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́, kò jókòó síwájú ilé mọ́. Bí àlejò bá dé, ìyá mi á ní, "Kò sí ní ulé," bẹ́ẹ̀ ó wà ní yàrá, ó ń gbọ́.

Mo di tíṣà, mo ṣiṣẹ́ ní Ìkọ̀lé, mo ṣiṣẹ́ ní Ìdó, mo fẹ̀yìn tì, mo padà sílé. Ògbufọ̀ náà ti ìlú ńlá dé, ó jẹ oyè. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ. Èmi àti ìyàwó rẹ̀ jọ wà nínú ẹgbẹ́ ìyá, a jọ ń kọrin. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń kúnlẹ̀ kí ọkọ rẹ̀, kò sì mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ ìlú ní àwọn fẹ́ ṣán igbó bárékè, kí wọ́n ri pátákó ìtàn mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní kí n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Mo gba ilé olóyè lọ.

"Bàbá, mo fẹ́ gba ohùn yín sínú fóònù, kí gbogbo ìlú lè gbọ́."

"Ẹ gbà á, Ìyá Tíṣà. Kí wọ́n gbọ́ dáadáa."

Ó ní òun lòun fún ṣọ́jà nílẹ̀, pé bí kì í bá ṣe òun, wọn ì bá ba ìlú jẹ́. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín. "Alágídí kan wà tó wá ń pariwo oko, oko. Mo sọ fún ọ̀gá pé ó ń ṣépè fún wọn. Ìgò ni wọ́n fi fá a lórí! Ó rìn lọ sílé bí adìyẹ tí òjò pa."

"Ta ni ọkùnrin náà, Bàbá?"

Ó mirí. "Mo ti gbàgbé orúkọ rẹ̀. Ṣé ó tilẹ̀ bímọ?"

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo mu omi tí ìyàwó rẹ̀ gbé fún mi tán, mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́.

Àbúrò mi ọkùnrin, tó jẹ́ pásítọ̀, gbọ́ ohùn náà, ó sunkún. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ẹ̀san sílẹ̀ fún Ọlọ́run."

"Ọlọ́run ló jẹ́ kó sọ ọ́ sínú fóònù mi," ni mo dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí pátákó, wọ́n ta àtíbàbà sórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì yẹn. Olóyè jókòó níwájú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti Èkó wá. Nígbà tó kàn mí, n kò ka ìwé kankan. Mo gbé fóònù sẹ́nu makirofóònù. Nígbà tó rẹ́rìn-ín nínú fóònù, àwọn èèyàn bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé orí ìgò, ẹ̀rín dá. Ohùn rẹ̀ béèrè pé, "Ṣé ó tilẹ̀ bímọ?" Mo pa fóònù.

"Ó bímọ," ni mo wí. "Èmi nìyí."

Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin dìde. "Bàbá, ṣé òótọ́ ni?"

"Eré ni mo fi ṣe," ni olóyè wí. Àwọn ọmọ rẹ̀ fà á lọ́wọ́ lọ sínú mọ́tò.

Ó rán àgbà méjì sí mi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, pé ká parí ẹ̀. Mo ní kó wá kúnlẹ̀ níbi tí bàbá mi kúnlẹ̀ sí, lọ́sàn-án gangan. Mo mọ̀ pé orúnkún rẹ̀ ò dára mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Kò tíì wá. Kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ pẹ̀lú, wọ́n ní kì í jáde.

Ìyàwó rẹ̀ ló wá. Kò jókòó. "Kí ni èmi ṣe fún ọ?" ló bi mí. Ó bá tirẹ̀ lọ. Ó ti kó lọ sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, ó ń dá orin rẹ̀ kọ. Ó dùn mí, n kò ní í purọ́. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ yẹn bá tún mọ́, ohun tí mo ṣe náà ni n óò tún ṣe.