Wọ́n Pa Fíìmù Kó Tó Parí

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí àwọn tó wà níbẹ̀ ti ń sọ ọ́ bó ṣe wù wọ́n.

Ilé wa ní Rosettenville, nílẹ̀ òkèèrè níbí, ni ìpàdé àdúrà bọ́ sí lọ́sàn-án Sátidé yẹn. Lẹ́yìn oúnjẹ, mo fi fíìmù kan sí tẹlifíṣọ̀n. Obìnrin kan wà nínú rẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ kú. Ní ìrọ̀lẹ́, obìnrin náà á pọn omi lọ sídìí igi kan, á máa kọrin fún igi náà. Bó bá ti kọrin, ewé igi á dúdú, ewúrẹ́ ará abúlé á sì kú. Ṣé òun ló ń pa wọ́n ni, àbí ọ̀dá? Fíìmù náà kò sọ.

"Àjẹ́ paraku!" Dókítà kan ló sọ bẹ́ẹ̀ o, ẹni tó ń tọ́jú àwọn tí ìbànújẹ́ ti dà lórí rú.

"Ẹ wojú ẹ̀ ná," ni ìyàwó ẹ̀ wí. "Ojú yẹn ò mọ́ rárá."

Ìyá mi, tó wá kí wa láti Èkìtì, nu omijé. Ó ti sin ọmọ méjì rí.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, kì í ṣe àjẹ́. Ọ̀fọ̀ ló ń dà á láàmú. Èmi náà bá igi sọ̀rọ̀ rí."

Alága ìpàdé wa gba rìmóòtù lọ́wọ́ mi, ó pa fíìmù. "Ẹ dìde, ká gbàdúrà!" Wọ́n de ẹ̀mí òkùnkùn, wọ́n jù ú síná. Mo lajú: ìyá mi ni gbogbo wọn kọjú sí. Òun alára ń ṣe "Àmín" kíkankíkan, kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń dè.

Yunifásítì ni mo ti ń kọ́ni, ní Auckland Park. Mo mọ̀ pé kálukú ló ní ojú tó fi ń wòran. Ẹ̀sùn mi ni pé wọn ò wo ìparí, wọ́n sì dájọ́ obìnrin méjì pọ̀.

Ẹ̀yìn ìyá mi ni ọmọ ọwọ́ dókítà yẹn ti máa ń sùn tí ìpàdé bá ń lọ lọ́wọ́. Ní Sátidé kejì, nílé tiwọn, ìyá mi ti so ọ̀já mọ́dìí, ó nawọ́. "Ọkọ mi, máa bọ̀!"

Ìyàwó dókítà gbé ọmọ sí èjìká kejì. "Ẹ má wulẹ̀ ṣèyọnu, Mọ́mì. Ó ti sùn."

Ojú ọmọ là kedere, ó ń rẹ́rìn-ín sí ìyá mi.

Nígbà tí rọ́bọ́ọ̀tì, iná ojú títì, dá mọ́tò wa dúró lọ́nà ilé, ìyá mi tú ọ̀já, ó ká a.

"Obìnrin inú fíìmù yẹn, ṣé wọ́n padà lé e ni, àbí òun fúnra ẹ̀ ló lọ?"

Lẹ́yìn tí àwọn àlejò lọ lọ́jọ́ yẹn, èmi nìkan ti jókòó wò ó parí. "Òun fúnra ẹ̀ ló lọ, mà."

"Ó káre," ló wí. "Bá mi wá ọkọ̀ òfurufú."